Kí ẹ tó pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC ọkọ̀ yín, ẹ wádìí ohun tó pa èyí tó kú

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àgbàdo, kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ pé, "Ọ́físà, kí ló kan AC ọkọ̀ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀?" Ó kàn án dáadáa o. Ọ̀pọ̀ nínú wa láti Ikeja, Ogba, Agege, Iju títí dé Agbado, ọkọ̀ kékeré tá a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé náà la fi ń gbé ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan. Òun la fi ń gbé ọmọ ẹja nínú ọ̀rá, òun náà la fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí AC bá kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iyana Ipaja ní aago méjì ọ̀sán, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ooru máa mú.

Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan fẹ́ràn ìgbóná lóòótọ́, nǹkan bí 32 sí 35°C la ń fún wọn nínú ilé ìtọ́jú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ bí a bá kó ọgọ́rùn-ún wọn sínú páálí kan, ara wọn ló ń mú ara wọn gbóná. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí afẹ́fẹ́ ò wọlé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yanu mí, kò sì ní pẹ́ tí wọn á fi máa ṣubú. Ọmọ ẹja náà ńkọ́? Omi tó bá ń gbóná kì í lè di afẹ́fẹ́ oxygen mú bíi ti omi tútù. Lasota àti abẹ́rẹ́ Gumboro, láàárín 2 sí 8°C ló yẹ kí wọ́n wà. AC ọkọ̀ ò lè ṣe ìyẹn fún yín, kúlà pẹ̀lú yìnyín ni tiwọn. Ṣùgbọ́n bí inú ọkọ̀ bá tutù, yìnyín yín á pẹ́ kó tó yọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rí ìbéèrè kan náà gbà ṣáá: "Wọ́n ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mi ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Kí lẹ rí sí i?" Ohun tí mo rí sí i kò ju ọ̀kan lọ. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kì í dédé kú, nǹkan ló ń pa á. Bí ẹ bá ra òmíràn láì mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ohun náà ṣì wà nínú ọkọ̀, ó ń dúró dè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Bí Gumboro bá wọ ilé adìyẹ, tó pa wọ́n, ṣé ọjọ́ kejì la máa ń kó òmíràn síbẹ̀? Ó tì o. A ó kó ìdọ̀tí ilẹ̀ jáde, a ó fọ ilé, a ó fọ ohun ìjẹun àti ohun ìmumi, a ó fín oògùn, a ó sì jẹ́ kí ilé sinmi. Kòkòrò Gumboro le, ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó bá kó adìyẹ tuntun sínú ilé tí kò fọ̀, ó kàn lọ ra òkú sílé ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni AC rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ lásán gba owó lọ́wọ́ òun. Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa àgbà. Kí ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù? Omi ń rọra yọ lára amọ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru dání. AC ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gáàsì inú rẹ̀ kì í bá atẹ́gùn lọ, inú páìpù ló ń yí po. Gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, R134a, yára hó gan-an. Bí ẹ bá tú u sí gbangba, ní nǹkan bí 26°C sí ìsàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Nínú cooling coil tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti ń hó, tó sì ń gba ooru inú ọkọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí bẹ́ẹ̀tì ń yí, á fà á, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, á tì í lọ sínú condenser tó wà níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń da ooru náà síta, tó sì ń padà di omi. Yóò gba inú filter kọjá, yóò gba expansion valve, ihò tín-ín-rín kan, yóò sì tún padà sínú cooling coil. Bó ṣe ń yí po nìyẹn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò ní epo tó dá dúró bíi ti ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ lè fa ọ̀pá yọ kẹ́ ẹ wò. Epo rẹ̀ ń bá gáàsì rìn. Ibi tí gáàsì bá dé ni epo ń dé. Bí gáàsì bá jò kù díẹ̀, epo tó yẹ kó padà wá kò ní padà wá mọ́, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "gáàsì ló kàn ń dín kù, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún un" ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ń pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáàsì AC kì í tán bíi bẹntiróò. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, AC ọkọ̀ èmi náà ṣíwọ́ nígbà tí mò ń bọ̀ láti Oba Akran. Mo yà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ AC kan létí títì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tan AC, ó wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kò yí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní, "Ó ti kú, ọ̀gá mi. Ẹ mú owó wá, kí ọmọ sáré dé Ladipo." Mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ Alájì kan ní Agege tó ti ń ṣe AC ọkọ̀ láti ayé R12. R12 ni gáàsì tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ kí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 tó mú kí ayé máa fi í sílẹ̀, torí pé ó ń ba ìpele ozone lójú ọ̀run jẹ́.

Alájì ò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣíwọ́, àbí ó ti ń rọra dín kù? Ṣé ó pariwo? Ṣé ẹ gbóòórùn nǹkan tó ń jó? Ó wo fúúsì, kò jó. Ó yọ rílè, ó fi ti họ́ọ̀nù tó bá a dọ́gba sí i, ibì kan náà la wà. Ó wá so gééjì mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ wò ó. Nínú ooru Èkó yìí, bí gáàsì bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù, ọwọ́ méjèèjì yẹ kó dúró ní nǹkan bí 90 sí 100. Tiyín ò tó 20. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí ò kú, wọ́n ń dáàbò bò ó ni." Ó ṣàlàyé fún mi pé swíìṣì kan wà lára páìpù tó ń ṣọ́ gáàsì. Bí gáàsì bá ti lọ sílẹ̀ jù, swíìṣì náà kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yí, kó má baà yí láìsí epo kó sì jẹ ara rẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé páìpù. Lẹ́bàá condenser ló ti rí epo tí eruku ti lẹ̀ mọ́. Rọ́bà róbótó kékeré kan ló ti gan. Rọ́bà, filter tuntun, gáàsì àti owó iṣẹ́ ni mo san. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú yẹn ṣì ń yí títí di òní.

Torí náà, kí ẹ tó fi owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí lójú yín. Kó wo fúúsì àti rílè. Kó so gééjì mọ́ ọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Bí gáàsì bá pé, kó wò ó bóyá iná ń dé ibi wáyà kilọ́ọ̀ṣì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bí iná bá dé tí kilọ́ọ̀ṣì ò gbá mú, kó fi mítà wọn kọ́ìlì rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 3 sí 5 ohm ni kọ́ìlì tó dáa máa ń jẹ́. Bí kọ́ìlì ló bá jó, tàbí bí àlàfo kilọ́ọ̀ṣì ló bá ti fẹ̀ jù, ìyẹn ṣeé tún ṣe láì ra odindi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bí ariwo bá ń wá nígbà tí AC wà ní pípa pàápàá, bérìn inú púlì ni, òun náà ṣeé pààrọ̀. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ọwọ́ yí iwájú kilọ́ọ̀ṣì. Bó bá yí geere, kò tíì gan. Bó bá le bí òkúta tàbí tó ń dún bí ẹni lọ ata sórí yanrìn, ẹ̀rí nìyẹn. Ọ̀kan tó kù ni pé kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí kilọ́ọ̀ṣì gbá mú, ká wá wo gééjì. Bí ọwọ́ kékeré àti ọwọ́ ńlá bá dúró sójú kan náà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń yí lásán ni, kò tẹ gáàsì mọ́. Irú èyí ti kú lóòótọ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọn kò ní kilọ́ọ̀ṣì rárá, ìyẹn gba ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó dáa, ká ní ó ti kú lóòótọ́. Ibí yìí gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní apá Agbado tó ń sin adìyẹ. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ gan, wọ́n sì bá a ra tòkunbọ̀ ní Ladipo, wọ́n so ó mọ́ ọn, wọ́n fi gáàsì sí i, AC tutù bíi yìnyín. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó lọ kó ọmọ adìyẹ 200 ní Ibadan. Nígbà tó ń bọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un ní Ibafo, AC sì ṣíwọ́. Kó tó délé, 43 ti kú. Àwọn tó kù náà ò balẹ̀, mẹ́sàn-án míì tún bá wọn lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Àbúrò, ẹ bá mi dé Ladipo lọ́la. Ọmọ yẹn ta òkú ọjà fún mi, ó máa dá owó mi padà ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ rí Alájì. Alájì tú páìpù kan, ó fi asọ funfun nu inú rẹ̀, ó nà án sí wa. Epo tó wà lórí asọ dúdú bí epo jẹnẹrétọ̀ tí wọn ò pààrọ̀ rí, ohun kan sì ń dán wínníwínní nínú rẹ̀. Alájì ní, "Ìyá, irin kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín àkọ́kọ́ rèé. Nígbà tó ń jẹ ara rẹ̀, gáàsì kó èérún rẹ̀ lọ sínú condenser, sínú filter, síbi gbogbo. Wọ́n yọ òkú, wọn ò fọ ilé. Èyí tẹ́ ẹ rà fa èérún yẹn mu láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó tà á fún yín kò purọ́." Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ilé tí Gumboro wà ni mo kó wọn sí nìyẹn?" Èmi gan-an ò lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá to iṣẹ́ tó péye sílẹ̀, bí mo ṣe dúró tì í tí mo sì rí i lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n kọ́kọ́ tú gbogbo páìpù, wọ́n fi oògùn ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún AC fọ inú wọn, wọ́n fi nitrogen fẹ́ ẹ títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oxygen àwọn wẹ́dà fẹ́ ẹ o. Oxygen àti epo kì í bára gbé, ó lè bú gbàmù, ó sì lè gba ẹ̀mí. Condenser rẹ̀, wọn ò fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ihò inú condenser ayé òde òní tín-ín-rín gan-an, bí èérún irin bá ti wọ ibẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tán. Wọ́n pààrọ̀ expansion valve. Wọ́n pààrọ̀ filter, torí òun ló ń mu omi tó bá wọ inú AC, bí ẹ bá sì ti ṣí i sí afẹ́fẹ́, yóò mu omi inú afẹ́fẹ́ yó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ṣí AC ni kí filter tuntun wọlé. Gbogbo rọ́bà róbótó oríkèé náà di tuntun, wọ́n fi epo díẹ̀ pa á kó tó wọlé.

Epo náà lófin tirẹ̀. R12 ayé àtijọ́ ń lo epo mineral, R134a ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní PAG, PAG náà sì ní nọ́ńbà, bíi 46 àti 100. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Denso tó wà nínú Toyota, ND-OIL 8 ni wọ́n kọ síbẹ̀, PAG 46 nìyẹn. Kí wọ́n da epo tó wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ẹ rà jáde, kí wọ́n wọn ọ́n, kí wọ́n sì fi iye tó yẹ padà. Bó bá kéré, irin á jẹ irin. Bó bá pọ̀ jù, AC ò ní tutù. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí i bí ìgbà mẹ́wàá kí ẹ́ńjìnnì tó yí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fákúùmù, ibi tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò dá. Wọ́n á so pọ́ọ̀ǹpù mọ́ ọn kó fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán nínú páìpù, omi tó kù síbẹ̀ á hó fúnra rẹ̀ láìsí iná, pọ́ọ̀ǹpù á sì fà á jáde. Omi tó bá kù nínú AC, òun àti gáàsì àti epo ló máa ń di ásíìdì tó ń jẹ irin. Ìṣẹ́jú 30 sí 45 ló yẹ kó lò, ká wá ti gééjì pa, ká dúró ìṣẹ́jú 15 sí i. Bí ọwọ́ gééjì bá ń gòkè, ibì kan ṣì ń jò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lo ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n ní ó ti tó. Kò tó.

Gáàsì, orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n fi sí i. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwé kékeré kan máa ń wà tí wọ́n kọ irú gáàsì àti iye gíráàmù rẹ̀ sí. Kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò kan sí i ká wò ó." Bó bá pọ̀ jù, agbára inú páìpù á ga, òun náà sì ń pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ẹ kíyè sí irú gáàsì náà o. Láti ọdún 2017, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union kò gbọdọ̀ lo R134a mọ́, R1234yf ló gbòde níbẹ̀, tòkunbọ̀ irú wọn sì ti ń wọlé. Kò ṣeé pò pọ̀. Ẹni tó bá sì ní òun á fi gáàsì ìdáná sí AC yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa hybrid, bíi Prius, tiyín yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín, iná ni, iná náà sì ju fóòtì 200 lọ. Wáyà rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Epo tirẹ̀ ni ND-OIL 11, kì í ṣe PAG. Bí PAG bá wọ ibẹ̀, iná á máa jò nínú rẹ̀, ọkọ̀ á sì kọ iṣẹ́. Ẹ má gbé e fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Ní ti rírà, tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun burúkú, tuntun náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dáa. Èyí tó bá kú ni kẹ́ ẹ gbé dání lọ sọ́jà. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹ ka ojú ìlà púlì, ẹ wo ẹnu wáyà, ẹ wo ihò bóòtì. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kó yí geere láì dákú láàárín. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ti yanu sílẹ̀ sínú eruku àti òjò fún oṣù mẹ́fà ti mu omi. Ẹ da epo rẹ̀ díẹ̀ sórí asọ funfun. Bó bá dúdú tàbí tó ń dán wínníwínní, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ẹ gba ìwé owó, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà síbẹ̀.

Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, ẹ mú tẹmómítà ilé ọmọ adìyẹ yín, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan bí 6 sí 12°C ló yẹ kó wà. Ìyẹn ò ní purọ́ fún yín bíi kí ẹ fi ọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ ní ó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà oko wa kún fún eruku, ìyẹ́ adìyẹ àti èèpo àgbàdo a sì máa dí iwájú condenser pa. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹ rí i pé fáànù iwájú ń yí nígbà tí AC bá wà ní títàn, torí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù yẹn nìkan ni atẹ́gùn tí condenser ní. Nígbà òjò náà, ẹ máa tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí epo lè yí po kí rọ́bà má baà gan. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú gáàsì dà sófurufú. Kílò kan R134a ń mú ayé gbóná ju kílò 1,300 carbon dioxide lọ, àwa àgbẹ̀ la sì kọ́kọ́ ń jìyà òjò tó ń dá lójijì.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti owó. Condenser, filter, valve, epo, gáàsì, owó iṣẹ́, kò kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Alájì ò sọ fún un pé kó ṣe é ní ìdajì. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí owó á fi pé." Ó yọ bẹ́ẹ̀tì AC, ó sì ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ tirẹ̀ torí AC ní bẹ́ẹ̀tì tó dá dúró. Nínú ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀tì kan ń yí gbogbo nǹkan, ẹ má fi púlì tó ti gan sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, ẹ kò ní ní iná bátìrì mọ́, ọkọ̀ mìíràn á sì tún pàdánù pọ́ọ̀ǹpù omi rédíétọ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì bá yín wá bẹ́ẹ̀tì tó kúrú tí kò ní gba ibi AC, bí ọkọ̀ yín bá gbà bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì àtààbọ̀ ló fi kó owó jọ. Láàárín ìgbà yẹn, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí lọ kó ọmọ adìyẹ, 100 ló ń kó dípò 200, páálí kan kì í gorí èkejì, ó sì ń ṣí wíńdò díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú ọkọ̀ kọjá láì fẹ́ lù wọ́n tààrà. Èyí tó kú nínú wọn lọ́nà kò tó márùn-ún. Ìgbà tó wá ṣe AC náà, ó ṣe é pé. Òjò ti rọ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì tún fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ àbọ̀ ló ń gbówó jù. Ẹni tí kò bá tíì lè fọ ilé, kó má tíì kó ẹran sí i.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Ẹ kọ irú ọkọ̀ yín àti ọdún rẹ̀, ohun tí gééjì sọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa àti nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ AC tẹ́ ẹ wà lórí pèèjì yìí, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ pín in fún ẹni tó bá ń gbé ọmọ adìyẹ tàbí ọmọ ẹja. A ó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ilé adìyẹ lásìkò ooru. Ire oko o.